Ọ̀bẹ Tí Kì Í Bẹ Iṣu

Ẹ sọ fún alágbẹ̀dẹ kan ní abúlé pé àwọn ènìyàn wà lókè òkun tí wọ́n ń fi owó gidi ra ọ̀bẹ tí kò lè bẹ iṣu, tí kò lè dú ewúrẹ́, tí kò sì ṣeé fi ṣán koríko. Ohun tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Kí ni wọ́n wá ń fi í ṣe?" Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Wọ́n ń gbé e kọ́ sára ògiri, wọ́n sì ń wò ó.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí èyí ti di ohun ìgbafẹ́ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀bẹ tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ilé ìdáná. Òmíràn ní ojú méjì tó kẹ̀yìn síra wọn, òmíràn ní ìyẹ́ bíi ti àdán, òmíràn sì ní ẹ̀gún káàkiri èèkù rẹ̀ bí igi ọsàn. Wọ́n lè gbẹ́ orí dírágónì sí ìdí rẹ̀, kí wọ́n fi dígí pupa ṣe ojú fún un. Ẹni tó bá ní ogún irú rẹ̀ nílé a máa nu eruku ara wọn bí ìyá àgbà ṣe ń nu àwo tánńganran tó gbà nígbà ìgbéyàwó rẹ̀, a sì mọ ọjọ́ tó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń béèrè ìbéèrè alágbẹ̀dẹ yẹn lẹ́ẹ̀kejì, pàápàá nígbà tí owó ilé ẹ̀kọ́ bá kù díẹ̀ káàtó.

Inú sinimá ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde. Nígbà tí Sylvester Stallone ṣe "First Blood" ní ọdún 1982, alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ kan láti Arkansas, Jimmy Lile, ló rọ ọ̀bẹ tó lò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní eyín bíi ti ayùn, inú èèkù rẹ̀ sì ṣófo, kí jagunjagun lè kó ìṣáná, abẹ́rẹ́ àti òwú pamọ́ síbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kẹta sinimá náà jáde ní 1988, Gil Hibben ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún, òun náà sì ṣe èyí tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tó ń yá kásẹ́ẹ̀tì fídíò wò nígbà náà kò jẹ́ gbàgbé ọ̀bẹ yẹn. (Ní ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí, oògùn ẹ̀fọn ni wọ́n mọ orúkọ Rambo mọ́.) Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ United Cutlery ní Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dà irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ fún títà, tí ẹni tí kò dé ojú ogun rí sì lè gbé ọ̀bẹ Rambo kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀.

Láàárín 2001 sí 2003, "The Lord of the Rings" dé. Peter Lyon, alágbẹ̀dẹ idà tó ń bá Weta Workshop ṣiṣẹ́ ní New Zealand, ló rọ àwọn idà tí àwọn òṣèré ńlá inú rẹ̀ gbé dání nígbà tí kámẹ́rà bá súnmọ́ wọn. Fún ìjà gan-an, idà alumíníọ́mù àti ti rọ́bà ni wọ́n ń lò, kí ẹnikẹ́ni má baà fara pa. United Cutlery tún gba àṣẹ láti ṣe ẹ̀dà àwọn idà náà. Eré orí kọ̀ǹpútà kò gbẹ́yìn. Nínú "Final Fantasy VII" tó jáde ní 1997, akọni tó ń jẹ́ Cloud ń gbé idà kan tó fẹ̀ bí pákó, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó òun fúnra rẹ̀. Kò sí ọmọ ènìyàn tó lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jà fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn kan sì ti fi irin rọ ọ́.

Kí ló dé tí ọ̀bẹ ògiri kò wúlò? Alágbẹ̀dẹ wa yóò mọ̀ ọ́n kété tó bá gbé e lọ́wọ́. Irin rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Irin aláìdípẹtà tí Harry Brearley ṣe ní ìlú Sheffield ní 1913, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní stẹ́nlẹ̀sì, dára púpọ̀ fún ṣíbí àti ọ̀bẹ ìjẹun, nítorí pé chromium tó wà nínú rẹ̀ kò jẹ́ kí omi àti atẹ́gùn bà á jẹ́. Ó tún ń dán lára ògiri. Ṣùgbọ́n bí a bá nà án gùn bí idà tí a sì fi lu nǹkan líle, ó lè kán pẹ́ú. Irin tí idà gidi ń fẹ́ ni èyí tó ń tẹ̀ tó sì ń padà sípò. Ìdí nìyẹn tí àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa fi fẹ́ràn sípíríǹgì lọ́rí tí wọ́n bá fẹ́ rọ àdá tí yóò pẹ́.

Ohun kejì fara pamọ́ sínú èèkù. Nínú àdá gidi, irin náà wọ inú èèkù pẹ̀lú fífẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì kan ìṣó mọ́ ọn. Nínú ọ̀pọ̀ idà ògiri, ọ̀pá tín-ín-rín bí ìrù eku ni wọ́n jó mọ́ ìdí irin, tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè lẹ́yìn. Ẹni tó bá fi agbára ju irú rẹ̀, èèkù ni yóò kù sí i lọ́wọ́. Ojú idà á ti fò lọ bá ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹ̀gún ẹwà yẹn náà, ọwọ́ ẹni tó ni wọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gún. Yorùbá ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Èyí kò tilẹ̀ mú tó láti gbẹ́ ti ẹlòmíràn.

Síbẹ̀, kí ará ilé má tíì rẹ́rìn-ín. Ní Bìní, irin pẹlẹbẹ kan wà tó dà bí abẹ̀bẹ̀, tí wọ́n dá ihò ọ̀ṣọ́ sí lára, eben ni wọ́n ń pè é. Àwọn ìjòyè a máa gbé e jó níwájú Ọba, wọ́n á jù ú sókè, wọ́n á sì tún un hán. Kò sí ẹni tó ń gbé eben lọ sógun. Ní Ọ̀wọ̀, idà oyè tí àwọn ìjòyè ńlá ń so mọ́ ìbàdí kì í ṣe ti oko. Ní ilẹ̀ Kuba ní Congo, ọ̀bẹ kan wà tó ń jẹ́ ikul, igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ òmíràn nínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé e dání lákòókò àlàáfíà. Ní Cuba, nínú ìkòkò irin tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ gbé kalẹ̀ fún Ògún, àdá kéékèèké, owú kékeré àti ọkọ́ kékeré ló kún ibẹ̀, tí kò sí èyí tó lè gé èso kan nínú wọn.

Ní àárín gbùngbùn Áfíríkà, ẹ̀wẹ̀, ọ̀bẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò pè ní ti sinimá wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Àwọn Azande àti àwọn aládùúgbò wọn ń rọ ọ̀bẹ tó ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó yà síbí yà sọ́hùn-ún bí ẹ̀ka igi. Bí wọ́n bá jù ú, ó ń yí bí ó ti ń lọ, ojú kan kò sì ní ṣàìba ọ̀tá. Àwọn òyìnbó tó dé ibẹ̀ nígbà ìjọba amúnisìn kó wọn lọ sílé. Wọ́n wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yúróòpù títí di òní, ó sì ṣòro kí ènìyàn wò wọ́n kó má rántí àwọn ohun ìjà inú sinimá. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì ni pé eben ní ọjọ́ tó ń jáde, ó ní orin, ó ní ẹni tí à ń jó níwájú rẹ̀. Ọ̀bẹ dírágónì kò ní ju ẹni tó rà á lọ. Bóyá ìyẹn ló fà á tó fi ń ra òmíràn kún un.

Ọ̀rọ̀ yìí ìbá jẹ́ eré lásán bí kò bá sí òfin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀bẹ tí àwọn ọmọ kan ń gún ara wọn pa ní ìgboro ti sọ ohun ìgbafẹ́ di ohun tí ọlọ́pàá ń wá. Ọ̀wọ́ ọ̀bẹ kan tí wọ́n ń pè ní ti "zombie" jáde látinú sinimá òkú tó ń rìn. Àwọ̀ ewé àti pupa ni wọ́n fi ń kun èèkù rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ìpayà sí ojú rẹ̀. Ìjọba fòfin de é ní 2016. Àwọn oníṣòwò pa ọ̀rọ̀ ìpayà náà rẹ́, wọ́n sì ń tà á lọ. Láti ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, òfin tuntun mú èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ lára pẹ̀lú, ní England àti Wales: ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ gùn ju ínǹṣì 8 lọ, tó ní ṣóńṣó, tó sì ní eyín ayùn, tàbí ẹ̀gún, tàbí ihò tó ju ẹyọ kan lọ, tàbí ṣóńṣó mímú tó ju méjì lọ. Títà rẹ̀ nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Níní i nínú yàrá ẹni náà ti di ẹ̀ṣẹ̀. Kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀ tí ènìyàn lè gbé tirẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú fún un.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ó kan idà ninja. Òfin Ronan ni wọ́n ń pe èyí, nítorí ọmọkùnrin ẹni ọdún 16 kan tí wọ́n fi idà pa ní Wolverhampton ní 2022, nígbà tó ń bọ̀ wálé, tí àwọn tó pa á sì ṣì í mọ̀ sí ẹlòmíràn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹni tó pa á ti ra idà náà. Ìyá ọmọ náà ló lọ láti ibi kan dé ibi kan títí ìjọba fi gbọ́. Ẹni tó bá rò pé òfin yìí le jù fún ẹni tó kàn fẹ́ràn ohun ọ̀ṣọ́, kó kọ́kọ́ fi ojú ìyá yẹn wò ó. Ọ̀bẹ tí kò lè bẹ iṣu lè gún ènìyàn. Ṣóńṣó kò bìkítà bóyá irin rẹ̀ dára tàbí kò dára.

Ọ̀pọ̀ ìdílé Nàìjíríà ní ọmọ ní London, Manchester àti Birmingham. Ọmọ tí kò ní èrò ibi kankan lè ti ra irú idà bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń wo eré Japan ní ọmọ ọdún 19, kó gbé e sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, kó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó dára kí bàbá tàbí ìyá tó bá bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù béèrè. Òfin náà yọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀, ohun tó ti lé ní 100 ọdún sì wà lára wọn, nítorí náà kí olúwarẹ̀ ka òfin náà dáadáa, tàbí kó béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò, kó tó gbé ohunkóhun sọnù. Bó bá sì fẹ́ gbé e lọ fún ọlọ́pàá, kó kọ́kọ́ pè wọ́n, kí wọ́n sọ bí yóò ṣe gbé e wá, nítorí ẹni tí wọ́n bá bá idà lọ́wọ́ ní òpópónà kò ní rọrùn fún láti ṣàlàyé.

Pé òfin dá ohun tó lé ní 100 ọdún sí ló gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn akójọ kejì: àwọn tí kò fẹ́ irin tuntun rárá, àfi èyí tó ti dógùn-ún. Létí odò Thames ní London, nígbà tí omi bá fà, ẹ ó rí àwọn tó tẹ̀ríba nínú ẹrẹ̀, tí wọ́n ń ṣa ìṣó, bọ́tìnnì, kọ́kọ́rọ́ àti ojú ọ̀bẹ àtijọ́. Wọn kì í déédéé wọ ibẹ̀. Àwọn aláṣẹ èbúté London ló ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, ohun tó bá sì ti lé ní 300 ọdún, dandan ni kí wọ́n fi han ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní oṣù keje ọdún 2009, nínú oko kan nítòsí Lichfield, ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ tó ń dún bó bá gbúròó irin wá ilẹ̀ kiri bá ohun kan pàdé tí wọ́n wá ń pè ní ìṣúra Staffordshire. Ó lé ní 3,500 nǹkan, wúrà inú rẹ̀ tó kílò mẹ́rin, ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fà ya lára èèkù idà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ojú idà kankan kò sí níbẹ̀. Àwọn kan ní nǹkan bí 1,400 ọdún sẹ́yìn ti bọ́ ọ̀ṣọ́ idà, wọ́n ká a, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí pàǹtí, wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Birmingham àti Stoke-on-Trent rà á ní pọ́n-ùn mílíọ̀nù 3.285, ẹni tó rí i àti olóko pín owó náà.

Ní tiwa, ìwọ̀n kílò ni. Oníkọ́ńdẹ́ìmù ń ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá, ó ń pariwo, ohun tó bá sì jáde látinú ilé, ìbáà jẹ́ ìkòkò, ẹ́ńjìnnì tàbí ṣaworo bàbá àgbà, iná kan náà ló ń lọ. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ní apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n ti ná manilla, idẹ tí a tẹ̀ bí ẹ̀gbà ọwọ́ tí ẹnu rẹ̀ kò pàdé, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Òun ni àwọn òyìnbó ń kó wá ra ẹrú. Ní 1948, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í rà á padà lọ́wọ́ ará ìlú kí owó ṣílè lè gbilẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù 32 tí wọ́n kó jọ, wọ́n sì tà á bí irin àlòkù. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan yẹ idẹ manilla tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó rì sínú òkun wò, wọ́n sì rí i pé ó bá ti ọ̀pọ̀ ère Bìní mu, àti pé agbègbè Rhineland ní Jámánì ni wọ́n ti wa á nínú ilẹ̀. Ohun tí òkun gbé mì ló jẹ́rìí, nígbà tí èyí tó wà nílé ti di omi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irin àtijọ́ ló yẹ kí ènìyàn gbé wálé. Ìtàn ìlú Goiânia ní Brazil kò yẹ kó kọjá etí ìdílé kankan tó ń kó irin jọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, ọkùnrin méjì wọ ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀, wọ́n tú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo àrùn jẹjẹrẹ, wọ́n sì tà á fún oníkọ́ńdẹ́ìmù. Ní alẹ́, oníkọ́ńdẹ́ìmù rí i pé ìmọ́lẹ̀ búlúù kan ń tàn jáde láti inú rẹ̀. Ó lẹ́wà. Ó gbé e wọlé, ó pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ wá wò ó, ó sì bù nínú rẹ̀ fún wọn bí ẹni pín ẹran ọdún. Arákùnrin rẹ̀ gbé tirẹ̀ lọ sílé. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, fi ṣeré, ó sì fi ọwọ́ náà jẹun. Caesium-137 ni, ohun tó ń jó ara láti inú. Nígbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í mú gbogbo ilé, ìyàwó oníkọ́ńdẹ́ìmù ló fura. Ó ní kí wọ́n di nǹkan náà sínú àpò, ó wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú rẹ̀, ó sì gbé e lọ bá àwọn elétò ìlera. Ohun tó ṣe yẹn gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Òun fúnra rẹ̀ kú, ọmọbìnrin kékeré náà kú, àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó bá irin náà ṣiṣẹ́ kú. Ènìyàn 249 ni ó bà lára, wọ́n sì yẹ ara àwọn tó lé ní 100,000 wò.

Nítorí náà, irin tó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, tó ti ilé ìwòsàn tàbí ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé jáde, tàbí tó ní àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ yẹ́lò tí ohun bí abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta wà nínú rẹ̀, ẹ má tú u, ẹ má gbé e wálé. Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ ké sí ọlọ́pàá; àjọ NNRA ni ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bọ́ǹbù náà ńkọ́? Nígbà tí ilé ìkó-ohun-ìjà-sí ní bárékè Ìkẹjà gbiná ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, bọ́ǹbù tí kò tíì bú fọ́n ká àdúgbò. Ogun 1967 sí 1970 sì fi tirẹ̀ sílẹ̀ sínú ilẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn. Ọmọdé kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí kòrópò ẹ̀rọ.

Fún irin tí kò léwu, ìtọ́jú rẹ̀ kò nira. Kí ẹni tó bá rí ojú ọ̀bẹ tàbí ṣaworo àtijọ́ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin tàbí sáńpépà fá a kó lè dán. Ohun tó ń fá dànù yẹn gan-an ni ìtàn rẹ̀. Kó fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kó fi òróró díẹ̀ pa èyí tó jẹ́ irin lára, kó sì gbé e síbi tí òtútù ilẹ̀ kò dé. Kó ti gba abẹ́rẹ́ àrùn tẹ́tánọ́sì. Kì í ṣe ìpẹtà ló ń fa àrùn náà bí ọ̀pọ̀ ṣe rò, kòkòrò inú ilẹ̀ ni, irin inú ilẹ̀ sì ni wọ́n ń bá kiri. Bí ohun tó rí bá jọ ti ìṣẹ̀ǹbáyé, kó mọ̀ pé láti 1979 ni òfin Nàìjíríà ti ní kí ẹnikẹ́ni má gbé irú rẹ̀ jáde kúrò lórílẹ̀-èdè yìí láìgba àṣẹ àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àjọ náà ní ilé ní Ifẹ̀, ní Oníkàn l'Ékòó, ní Bìní, ní Jos, ní Kàdúná àti ní Kàlàbá.

Ohun tó kù ni ìwé. Akójọ, ìbáà jẹ́ ti ọ̀bẹ dírágónì ìbáà jẹ́ ti irin ìpẹtà, orí ni ó sábà máa ń kó gbogbo rẹ̀ sí: ibi tó ti rí i, iye tó rà á, ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tó bá lọ, gbogbo rẹ̀ bá a lọ, àwọn ọmọ á sì dúró síwájú òkìtì irin tí wọn kò mọ orí tàbí ìdí rẹ̀. Kí ó so pépà kékeré mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó kọ ìlú, ọdún àti iye sí i. Pépà yẹn ni àwọn ọmọ yóò fi mọ èyí tó yẹ kó lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí ọ̀kan nínú wọn lè gbé kọ́ sí pálọ̀, àti èyí tí oníkọ́ńdẹ́ìmù lè máa gbé lọ.